Ọkọ̀ Oníná Tuntun: Ṣé Iṣẹ́ Tó Wà Lára Rẹ̀ Tó Owó Rẹ̀?

Kò sí ọkọ̀ oníná tuntun tó máa jáde lóde òní tí àríyànjiyàn ò ní tẹ̀ lé e. Ẹnì kan á ní òun fọwọ́ pa á lára, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò dọ́gba, ike inú rẹ̀ sì le gbandi. Pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò yẹ ọkọ̀ tówó rẹ̀ tó báyẹn. Ẹlòmíì á ní òun ti wà á, kò pariwo, kò gbọ̀n, àti pé kò sí ọkọ̀ elépo iye owó kan náà tó lè bá a sáré kúrò lójú kan. Àwọn méjèèjì á máa bá a fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, bẹ́ẹ̀ òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wò, tí wọ́n ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè.

Ní 2018, Sandy Munro, ẹnjiníà kan tó fi títú ọkọ̀ palẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tú ọkọ̀ oníná Tesla Model 3 kan títí dórí nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn. Nígbà tó ń wo bọ́dì rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ rárá: àlàfo tó wà láàárín àwọn irin ara ọkọ̀ náà ò dọ́gba, bí wọ́n sì ṣe to irin inú rẹ̀ pọ̀ ò bá ọgbọ́n mu lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí bátìrì, ẹ̀rọ tó ń yí táyà àti pátákó kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, ìyìn ló gba ẹnu rẹ̀ kan. Ọkọ̀ kan náà ni, ẹni kan náà ló tú u, ìdájọ́ rẹ̀ sì pín sí méjì.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ oníná kan tó owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ohun tójú ń rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí owó wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó wọ́ ṣeé gbé pa dà sáyè rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bátìrì tí wọn ò ṣètò bí ara rẹ̀ á ṣe máa tutù, kò sí mẹkáníìkì tó lè bá yín fi í kún un lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rà á tán.

Ibi tí owó ọkọ̀ ń gbà lọ

Ìbéèrè tó máa ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí: kí ló dé tí inú ọkọ̀ oníná kì í fi í rí bíi ti ọkọ̀ elépo tí wọ́n jọ jẹ́ iye kan náà? Bátìrì ni ìdáhùn. Bloomberg NEF tó máa ń tọpa iye owó bátìrì lọ́dọọdún sọ pé ní 2010, kìlówáàtì-wákàtí kan, ìyẹn kWh kan, tí wọ́n fi ń wọn iye iná tí bátìrì lè gbà, lé ní 1,000 dọ́là. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti já wálẹ̀ sí 115 dọ́là ní ìpíndọ́gba. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò: ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 60 kWh ti gba nǹkan bí 6,900 dọ́là lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó ra síìtì kan, kí wọ́n tó kun ọ̀dà kankan. Àpò epo ọkọ̀ elépo kò gba ohunkóhun tó sún mọ́ ọn.

Owó yìí gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá. Nínú ọkọ̀ tí wọn ò fẹ́ kó wọ́n jù, ara dáṣíbọ́ọ̀dù, inú ilẹ̀kùn, kápẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà tó ń dí ariwo ni wọ́n ti máa ń bù ú. Wọ́n á kó bọ́tìnnì kúrò, wọ́n á fi sìkírìnì kan ṣoṣo dípò gbogbo wọn, nítorí sìkírìnì kan dínwó ju ogún bọ́tìnnì tó ní wáyà tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá rí ike tó le nínú ọkọ̀ oníná, ẹ má tíì pariwo pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá owó tí wọ́n yọ níbẹ̀ dé ibi tó yẹ. Bí bátìrì rẹ̀ bá dára tí inú rẹ̀ rí ṣákálá, ilé-iṣẹ́ ti ṣe ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání. Èyí tí inú rẹ̀ rí ṣákálá tí bátìrì rẹ̀ náà ò dáa, èyí gan-an ló ti rẹ́ yín jẹ.

Lára bọ́dì

Bí ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó pààlà sáàárín ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà, sáàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti iná iwájú. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, mìlímítà mélòó kan péré ni. Bó ṣe fẹ̀ tó kọ́ ló ṣe kókó jù, bó ṣe dọ́gba látòkè délẹ̀ ni. Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ látòkè wá sísàlẹ̀. Bí ìka bá kọjá wẹ́rẹ́ lókè tó wá há nísàlẹ̀, tàbí tí etí ilẹ̀kùn yọrí ju fẹ́ńdà lọ débi pé ó ń kọ́ èékánná, iṣẹ́ àtòpọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Ẹ ṣe é lápá ọ̀tún, ẹ ṣe é lápá òsì, kẹ́ ẹ wá fi méjèèjì wéra.

Iná kọ́ ló fà á. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń tẹ irin bọ́dì fún ọ̀pọ̀ ọdún ti mọ bí irin ṣe máa ń fà pa dà lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó ti mọ bí ooru iná tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀ ṣe ń ṣẹ́ ẹ kọrọ, ó sì ti ṣe àwọn ohun ìdìmú tó ń mú gbogbo rẹ̀ dúró ṣinṣin. Ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ń kọ́ gbogbo ìwọ̀nyí lójú oníbàárà ni. Elon Musk, ọ̀gá Tesla, fúnra rẹ̀ sọ fún Munro nígbà tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ní 2021 pé bí àwọn ọ̀rẹ́ òun bá béèrè ìgbà tó yẹ kí wọ́n ra Tesla, ohun tóun máa ń sọ ni pé kí wọ́n rà á níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, tàbí kí wọ́n dúró di ìgbà tí iṣẹ́ bá ti fìdí múlẹ̀. Àárín méjèèjì, nígbà tí wọ́n ń sáré kí iye ọkọ̀ tó ń jáde lè pọ̀ sí i, ni àbùkù ti máa ń yọjú jù. Mo gbà pé ìmọ̀ràn yẹn wúlò fún ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun èyíkéyìí, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Ṣé àlàfo tí kò dọ́gba máa ń ba ọkọ̀ jẹ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í bà á jẹ́. Ojú ló kàn ń dùn. Ohun tó yẹ kó kàn yín ni ohun tó lè gba ibẹ̀ wọlé, ìyẹn omi àti atẹ́gùn. Ẹ ṣí bùútù lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ ọkọ̀, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ẹ ti ọwọ́ bọ inú kòtò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá rin, tàbí tẹ́ ẹ rí ipa omi tó ti gbẹ, rọ́bà tó yí bùútù ká ò dì í dáadáa. Inú ọkọ̀ oníná kún fún wáyà àti ẹ̀rọ ìdarí kéékèèké, omi tó bá sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lè fa ìṣòro tí wọ́n á wá ìdí rẹ̀ títí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò mọ́ ọn: ẹ́ńjìnnì elépo máa ń bo àṣírí. Ariwo rẹ̀ ló ń bo ìró ike tó ń ha ara wọn, ìró atẹ́gùn létí gíláàsì, ìró ìgbànú ìjókòó tó ń gbá ara ọkọ̀. Inú ọkọ̀ oníná dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo ìró wọ̀nyí sì wá dá wà. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ oníná òun ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kò purọ́, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ti tẹ́lẹ̀ máa ké jù báyìí lọ kó má sì gbọ́ ọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dán an wò, ẹ pa rédíò, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ rọra wà á lórí ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sáré lójú títì tó tẹ́jú. Ọ̀nà gbágungbàgun máa tú àṣírí ike, eré á tú àṣírí rọ́bà ilẹ̀kùn àti gíláàsì.

Àmọ́ kò yẹ ká fi bọ́dì ṣeré pátápátá. Ní oṣù kẹta 2025, Tesla pe Cybertruck tó lé ní 46,000 pa dà fún àtúnṣe nítorí irin pẹlẹbẹ kan létí òrùlé tí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ lè bàjẹ́, kí irin náà sì já bọ́ lórí eré. Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹwà. Tún wo apá kejì: nígbà tí Volkswagen gbé ID.3 jáde ní 2020, kò sí ẹni tó lè sọ pé ilé-iṣẹ́ àtayébáyé yẹn ò mọ bọ́dì í tò. Ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń ṣe ségesège, tí ike inú rẹ̀ sì dá àwọn oníbàárà lágara, títí wọ́n fi tún ọkọ̀ náà ṣe, tí wọ́n sì fi ohun tó sàn jù sínú rẹ̀ ní 2023. Ọjọ́ orí ilé-iṣẹ́ á sọ ibi tí àbùkù ti lè wá fún yín. Kò lè sọ pé àbùkù ò ní sí.

Bátìrì ni ọkọ̀ náà

Nissan Leaf tó jáde ní òpin 2010 jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n tò dáadáa, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà lójú pópó. Àmọ́ afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ fún bátìrì rẹ̀, kò sí omi tútù tó ń yí i ká. Ní 2012, àwọn tó ń lò ó ní Arizona, níbi tí oòrùn ti ń mú gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ọkọ̀ wọn ò rìn jìnnà mọ́ bíi tìgbà tí wọ́n rà á. Ooru ti ń jẹ bátìrì náà. Wọ́n fariwo ta, Nissan sì wá ṣe wáráńtì tó kan agbára bátìrì fún wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ìka tọ ilẹ̀kùn Leaf ọjọ́ yẹn ò lè rí ìṣòro yìí, bẹ́ẹ̀ bátìrì ló gbówó lọ jù lára ọkọ̀ náà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ máa bi ẹni tó ń tà á, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń mú bátìrì náà tutù. Omi tàbí gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù ni ìdáhùn tó dáa. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, tí ibi tẹ́ ẹ ń gbé sì gbóná, ẹ wá òmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀kan ní níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáàtì nínú, wọ́n ń pè é ní NMC. Èkejì, LFP, irin àti fọ́sfétì ni wọ́n fi ṣe é. Níwọ̀n kan náà, NMC máa ń gba iná púpọ̀ sínú, ìdí nìyẹn tó fi wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn jìnnà. LFP wúwo jù ú lọ fún iná kan náà, òtútù sì máa ń jẹ́ kó gba ṣájì pẹ̀lú ìlọ́ra. Àmọ́ ó dínwó, ó ṣòro díẹ̀ kó tó gbiná, ó sì lè gba ṣájì àìmọye ìgbà kó tó rẹ̀ ẹ́. Bátìrì Blade tí BYD, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Ṣáínà, gbé jáde ní 2020, LFP ni. Ìyàtọ̀ tó kan ìlò ojoojúmọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń ní kẹ́ ẹ dá NMC dúró sí nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́, nígbà tí wọ́n ń ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí LFP kún dé ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà lè mọ iye iná tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Nítorí èyí, ọkọ̀ LFP tí wọ́n kọ 400 kìlómítà sí lára lè wúlò lójoojúmọ́ ju ọkọ̀ NMC tí wọ́n kọ 450 sí lọ. Lójú tèmi, ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò jìnnà tó sì fẹ́ lo ọkọ̀ náà pẹ́, LFP ni kó wá.

Ìbẹ̀rù tó wọ́pọ̀ jù ni pé bátìrì á kú láàárín ọdún mélòó kan. Ohun tí wọ́n rí kò rí bẹ́ẹ̀. Geotab, tó ń gba ìsọfúnni láti ara ọkọ̀ tó wà lójú pópó, yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ oníná wò ní 2024, ó sì rí i pé ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni bátìrì ń pàdánù lọ́dún kan. Bí bátìrì bá ń lọ báyẹn, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó ṣì máa ní ju ìdá 80 lọ. Ìpíndọ́gba ni o. Ooru àti ṣájì kíákíá lójoojúmọ́ lè mú kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wáráńtì tó wọ́pọ̀ ni ọdún mẹ́jọ tàbí 160,000 kìlómítà, èyí tó bá yá nínú méjèèjì, pẹ̀lú ìlérí pé agbára rẹ̀ kò ní wá sísàlẹ̀ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ka gbólóhùn yẹn dáadáa. Bó bá wálẹ̀ sí 71, wọn ò jẹ yín ní nǹkan kan. Bó bá sì wálẹ̀ sí 68, ọ̀pọ̀ wáráńtì gbà wọ́n láyè láti tún un ṣe títí á fi ju 70 lọ, kì í ṣe dandan kí wọ́n gbé tuntun fún yín. Wáráńtì mìíì tún wà tó sọ̀rọ̀ nípa bátìrì tó bàjẹ́ nìkan, tí kò dárúkọ agbára tó ń dín kù rárá. Méjèèjì jọra lójú ẹni tí kò kà á.

Kí bátìrì sì ní àbùkù látilẹ̀, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn tí Chevrolet Bolt mélòó kan gbiná, General Motors (GM) tó ṣe é pe gbogbo Bolt tó ti tà pa dà ní 2021, wọ́n sì tó nǹkan bí 142,000. Inú sẹ́ẹ̀lì bátìrì tí LG ṣe ni àbùkù náà wà, níbi tí ojú ò lè dé. Àwọn tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì fún rí tuntun gbà láìsan kọ́bọ̀, LG sì gbà láti dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà pa dà fún GM. Ohun tó yọ àwọn oníbàárà ni pé ilé-iṣẹ́ méjèèjì lówó lọ́wọ́, wọ́n sì wà níbẹ̀ láti dáhùn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí a máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọn ò rí irú rẹ̀.

Iye kìlómítà tí wọ́n kọ síwèé

Inú yàrá ìdánwò ni wọ́n ti rí iye yẹn. Ètò ìdánwò tí wọ́n ń pè ní WLTP, tí ilẹ̀ Yúróòpù ń lò láti 2017, máa ń dán ọkọ̀ wò níbi tí kò gbóná tí kò tutù, ní nǹkan bí ìwọ̀n 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìpíndọ́gba eré rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 46 kìlómítà ní wákàtí lọ. Ti EPA ní Amẹ́ríkà sábà máa ń kéré sí i, ó sì sún mọ́ ohun tójú ń rí lójú ọ̀nà. Ti CLTC ní Ṣáínà ló máa ń ga jù. Nítorí náà, ọkọ̀ kan náà lè ní iye mẹ́ta, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ẹ má ṣe fi CLTC ọkọ̀ kan wé WLTP òmíràn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó wúlò jù ni iye iná tó ń jẹ lórí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ọkọ̀ tó ní 60 kWh tó ń jẹ 15 lórí ọgọ́rùn-ún kìlómítà á rin 400. Èyí tó ń jẹ 20 pẹ̀lú bátìrì kan náà á rin 300. Àìjẹ iná jù yìí, iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa ló ń mú un wá: bí wọ́n ṣe gé ara ọkọ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá, bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń fi iná ṣiṣẹ́ láìfi ṣòfò. Ojoojúmọ́ lẹ ó sì máa jèrè rẹ̀ níbi ṣájì.

Ìpolówó ṣájì kíákíá náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń gba 250 kW, ìyẹn bí iná ṣe ń yára wọlé tó, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló lè fi gbà á. Bí ẹni ń rọ omi sínú kèrègbè ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń yá níbẹ̀rẹ̀, bó bá kù díẹ̀ kó kún, ẹ gbọ́dọ̀ dẹwọ́. Nítorí náà, iye ìṣẹ́jú tó fi ń kúrò ní ìdá 10 dé ìdá 80 ni kẹ́ ẹ béèrè. Hyundai sọ pé Ioniq 5 lè ṣe é ní ìṣẹ́jú 18 níbi ṣájà 350 kW. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíì ń lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sókè. Bó bá sì jẹ́ pé ilé lẹ ti ń ṣájì lóru, tẹ́ ẹ kì í rìn jìnnà, ẹ má fi owó gọbọi ra eré tẹ́ ẹ ò ní lò.

Kọ̀ǹpútà tó ní táyà

J.D. Power tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ra ọkọ̀ tuntun láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ àkọ́kọ́ gbé àbájáde jáde ní 2024 pé ìṣòro 266 ni àwọn olówó ọkọ̀ oníná sọ lórí ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ti ọkọ̀ elépo àti dísẹ̀lì jẹ́ 180. Àwọn tó kórìíra ọkọ̀ oníná gbé iye yẹn kiri. Àmọ́ ìṣòro kan ni wọ́n ka bọ́tìnnì fèrè ọkọ̀ tí ọwọ́ ò tètè rí, ìṣòro kan náà ni wọ́n ka ẹ̀rọ tó kú sójú ọ̀nà. Púpọ̀ nínú ohun tó mú iye náà ga jẹ mọ́ sìkírìnì àti ètò kọ̀ǹpútà. Ó ń bíni nínú, mo gbà, ó sì jẹ́ ara iṣẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa. Kò fi hàn pé ọkọ̀ náà á tètè kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ sìkírìnì ti kan ẹ̀mí ni ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lójú ọ̀nà kẹ́ ẹ tó lè tan wáípà. Euro NCAP tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò nílẹ̀ Yúróòpù ti pinnu pé láti 2026, ọkọ̀ tó bá fẹ́ gba ìràwọ̀ márùn-ún gbọ́dọ̀ ní ohun tí ọwọ́ lè dì mú tàbí tẹ̀ fún iná tó ń fi ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yà sí hàn, iná ewu, fèrè ọkọ̀, wáípà àti ìpè pàjáwìrì. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ náà, kẹ́ ẹ wá àwọn márùn-ún wọ̀nyí láìwo ìsàlẹ̀.

Ohun kékeré kan tún wà tó ń da ọkọ̀ oníná dúró ju bátìrì ńlá lọ, òun ni bátìrì kékeré oní 12 fóltì. Òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn, tó sì ń jí kọ̀ǹpútà. Bó bá kú, ọkọ̀ tí bátìrì ńlá rẹ̀ kún dẹ́nu ò ní lọ síbì kankan. Hyundai àti Kia pe ọkọ̀ oníná bí 147,000 pa dà ní Amẹ́ríkà ní 2024 nítorí ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ṣájì bátìrì kékeré yìí lè bàjẹ́. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n fi í sí, àti bí ẹ ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn látinú àti láti ìta bí kò bá sí iná rárá. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ fi hàn yín, kó má fẹnu lásán sọ ọ́.

Àwọn tí mo ní a máa dé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn tó ra Fisker Ocean. Magna, ilé-iṣẹ́ tó gbówọ́ nínú títo ọkọ̀, ló tò ó fún Fisker ní Austria, nítorí náà bọ́dì kọ́ ni ìṣòro. Ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò tíì pé nígbà tí wọ́n gbé e fún oníbàárà, wọ́n sì ń retí kí wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì tún un ṣe. Ní oṣù kẹfà 2024, Fisker wọko gbèsè. Ó di pé àwọn olówó ọkọ̀ kóra jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń fúnra wọn wá ohun ìpààrọ̀ àti ẹni tó lè bá wọn tún ètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wọn ṣe. Wáráńtì ọdún mẹ́wàá láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò ní sí lọ́dún tó ń bọ̀ kò níye lórí. Ohun tí mo máa ń kórìíra jù ni kí wọ́n ní ẹ ra á báyìí, ohun tó kù ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ sanwó fún ohun tó wà níbẹ̀ lónìí.

Ìgbà tó bá gbá nǹkan, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á

Láti 2020, Tesla ti ń fi alumíníọ́ọ̀mù kan ṣoṣo da abẹ́ ẹ̀yìn Model Y dípò nǹkan bí 70 irin tí wọ́n máa ń jó pọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíì sì ti ń tẹ̀ lé e. Ó dára fún ilé-iṣẹ́, ó ń mú kí ọkọ̀ fúyẹ́ kó sì le. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fọ́ yín lẹ́yìn débi tí alumíníọ́ọ̀mù náà fi sán, àtúnṣe rẹ̀ lè gba owó tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á fi ní kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú ọkọ̀ náà. Kẹ́ ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ gba iye ìnṣọ́ránsì rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Iye yẹn á sọ ohun tí àwọn tó ń sanwó àtúnṣe rò nípa rẹ̀. Ọkọ̀ oníná tún máa ń wúwo, táyà rẹ̀ sì máa ń tètè jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páàdì bíréèkì rẹ̀ máa ń pẹ́ gan-an.

Ní oṣù kìíní 2024, Hertz tó ń fi ọkọ̀ háyà kéde pé òun máa ta nǹkan bí 20,000 ọkọ̀ oníná. Owó àtúnṣe lẹ́yìn ìjàǹbá pọ̀, iye tí wọ́n lè tà á sì ti já wálẹ̀, nítorí Tesla ti ń dín owó ọkọ̀ tuntun kù léraléra ní 2023. Bí tuntun bá dínwó, àlòkù ò lè dúró síbi tó wà. Ẹni tó ra tuntun ló gbé ìyà yẹn. Ẹni tó wá ra àlòkù ọlọ́dún mẹ́ta, tí bátìrì rẹ̀ ṣì ní ìdá 90 sókè tí wáráńtì rẹ̀ sì ku ọdún márùn-ún, òun gan-an ló jẹ èrè. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, mo máa sọ pé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, irú ọkọ̀ yẹn ló tó owó rẹ̀ jù báyìí, bí wọ́n bá fún yín ní ìwé àyẹ̀wò tó ń fi agbára bátìrì rẹ̀ hàn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ tuntun, kó lọ gbé e lójú ọ̀sán, kó má lọ lálẹ́, kó má sì lọ nígbà tí ara ọkọ̀ tutù, nítorí omi máa ń bo àbùkù ọ̀dà. Ẹ fi ìka tọ àlàfo rẹ̀ yí ká, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì bùútù, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ sì tì í. Ẹ ki í bọ ṣájà kíákíá kan bó bá wà nítòsí, kẹ́ ẹ rí i pé ó gba iná. Gbogbo àbùkù tẹ́ ẹ bá rí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sínú ìwé kó sì buwọ́ lù ú pé àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá ní kò pọn dandan láti kọ ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ síwèé tiyín.